A Kì Í Tìtorí Kọ́kọ́rọ́ Kan Wó Ògiri Ilé

Ọwọ́ kan kò gbé ẹrù dé orí. Àgbájọ ọwọ́ ni a fi ń sọ àyà. Bí ọ̀rọ̀ yìí ti rí láàrin ọmọ ènìyàn, bẹ́ẹ̀ gẹ́gẹ́ ni ó rí láàrin àwọn kọ̀ǹpútà tí ó wà nínú ọ́fíìsì. Kọ̀ǹpútà tí ó dá dúró dà bí àgbẹ̀ tí ó kọ́ abà rẹ̀ sí àárín igbó: àgbàdo rẹ̀ lè kún inú àká, ṣùgbọ́n ẹni tí yóò rà á ní láti la igbó kọjá kí ó tó dé ọ̀dọ̀ rẹ̀. Nígbà tí a bá fi wáyà tàbí Wi-Fi so kọ̀ǹpútà márùn-ún tàbí mẹ́fà pọ̀, wọ́n di agboolé kan náà. Ìwé tí akọ̀wé tẹ̀ ní yàrá kìíní, ọ̀gá lè kà á ní yàrá kẹta láìdìde lórí àga rẹ̀. Ìṣirò tí olùtọ́jú owó ṣe ní òwúrọ̀, ẹni tí ń tajà lè rí i kí oòrùn tó kan àtàrí. Èyí ni a ń pè ní pínpín fáìlì, ó sì ti gba ọ̀pọ̀ òṣìṣẹ́ lọ́wọ́ ìyà sísáré kiri pẹ̀lú ìwé lọ́wọ́.

Ṣùgbọ́n kò sí agboolé tí kò ní ìlẹ̀kùn, kò sì sí ìlẹ̀kùn tí kò lè há ní ọjọ́ kan. Ọjọ́ ń bọ̀ tí akọ̀wé yóò tẹ fódà tí ó ti ń ṣí láti ọdún mẹ́ta, tí kọ̀ǹpútà yóò sì dá a lóhùn pé òun kò rí ọ̀nà, tàbí pé kò ní àṣẹ láti wọlé. Kí ni ó yẹ kí a ṣe ní irú ọjọ́ bẹ́ẹ̀? Ohun tí ọ̀pọ̀ ènìyàn ń ṣe ni pé wọn a ṣí gbogbo ìlẹ̀kùn ilé sílẹ̀ gbayawu, kí iṣẹ́ ṣá lè máa lọ. Èmi sọ pé àṣìṣe ńlá ni èyí. Ẹni tí kọ́kọ́rọ́ rẹ̀ há sínú ihò kì í wó ògiri ilé rẹ̀. Ó ń wá ìdí tí kọ́kọ́rọ́ náà fi há ni.

Kí ẹ má baà rò pé àròsọ lásán ni mo ń sọ, ẹ jẹ́ kí n sọ ohun tí ojú mi rí. Mo ti ṣiṣẹ́ rí ní ọ́fíìsì kékeré kan tí ó ní kọ̀ǹpútà mẹ́fà. Orí kọ̀ǹpútà obìnrin tí ń tọ́jú owó ni fódà tí gbogbo wa ń lò wà. Ibẹ̀ ni orúkọ àwọn oníbàárà tí ó jẹ wá ní gbèsè wà, ibẹ̀ ni iye ọjà wà, ibẹ̀ náà sì ni ìwé owó oṣù wa wà. Ní ọjọ́ Ajé kan, wọ́n pààrọ̀ ráútà wa, èyíinì ni ẹ̀rọ kékeré tí ó so àwọn kọ̀ǹpútà náà pọ̀. Kí agogo mẹ́wàá tó lù, kò sí ẹnikẹ́ni nínú wa tí ó lè ṣí fódà náà mọ́. Oníbàárà ń dúró, ọ̀gá ń bínú, olùtọ́jú owó ń làágùn. Wọ́n sáré ránṣẹ́ sí ọ̀dọ́mọkùnrin kan tí a gbọ́ pé ó mọ̀ nípa kọ̀ǹpútà.

“Ẹ fọkàn balẹ̀, mà,” ni ó wí fún olùtọ́jú owó. “Kò ní pẹ́ rárá.”

Lóòótọ́, kò pẹ́. Ó pa ògiri ààbò kọ̀ǹpútà náà, ó mú páásíwọọ̀dù kúrò, ó sì fún Everyone, èyíinì ni gbogbo ayé, ní àṣẹ kíkún lórí fódà náà láti kà á, láti yí i padà, àti láti pa á rẹ́. Láàrin ìṣẹ́jú mẹ́wàá, fódà ṣí. A pàtẹ́wọ́ fún un, ọ̀gá fún un lówó, ó sì bá tirẹ̀ lọ. Kò sí ẹni tí ó béèrè ohun tí ó ti ìlẹ̀kùn náà pa láti ìbẹ̀rẹ̀.

Oṣù kan kò tí ì pé tí ìjà fi bẹ́ sílẹ̀, nítorí pé ẹnì kan ti ka ìwé owó oṣù, ó sì ti rí i pé ẹni tí ó dé lẹ́yìn òun ń gbowó ju òun lọ. Èyí kò tó nǹkan lẹ́gbẹ̀ẹ́ ohun tí ó tẹ̀lé e. Ní òwúrọ̀ ọjọ́ Ẹtì kan, a wá ìwé gbèsè àwọn oníbàárà títí, a kò rí i. A wò ó nínú agbọ̀n ìdọ̀tí kọ̀ǹpútà, kò sí níbẹ̀. Nítorí pé fáìlì tí a bá pa rẹ́ láti orí kọ̀ǹpútà mìíràn kì í sáábà bọ́ sínú agbọ̀n náà, ṣe ni ó ń lọ pátápátá. A kò ní ẹ̀dà rẹ̀ níbòmíràn. A béèrè ẹni tí ó ṣe é, ṣùgbọ́n báwo ni a óò ti mọ̀ ọ́n? Láti ọjọ́ tí a ti mú páásíwọọ̀dù kúrò, gẹ́gẹ́ bí àlejò tí kò lórúkọ ni olúkúlùkù wa ń wọlé.

Ọmọkùnrin tí ó kéré jù lọ láàrin wa ni ó pẹ́ ní ọ́fíìsì ní alẹ́ Ọjọ́bọ̀. Òun ni gbogbo ojú yí sí. Ó búra, ó sunkún, ṣùgbọ́n kò ní ẹlẹ́rìí kan tí ó lè gbè é lẹ́sẹ̀. Nígbà tí ìfura kò jẹ́ kí ó gbádùn mọ́, ó fi iṣẹ́ sílẹ̀. Oṣù méjì gbáko ni a fi ń ṣa rìsíìtì jọ kí a tó mọ ẹni tí ó jẹ wá lówó. Títí di òní olónìí, n kò mọ ẹni tí ó pa fáìlì náà rẹ́. Ó lè jẹ́ pé ẹnì kan ni ó ṣèèṣì tẹ ohun tí kò yẹ kí ó tẹ̀. Ohun tí mo mọ̀ ni pé a ṣe ọmọ ọlọ́mọ ní ohun tí kò tọ́, nítorí pé a ti pa ẹ̀rí tí ìbá gbà á là run pẹ̀lú ọwọ́ ara wa.

Kí ni ó ti ìlẹ̀kùn pa ní ọjọ́ Ajé náà? Ẹ̀yìn ìgbà tí mo kọ́ díẹ̀ nípa iṣẹ́ yìí ni ó tó yé mi. Nígbà tí Windows bá bá ráútà tuntun pàdé, ó lè kà á sí ibi tí gbogbo ènìyàn ń wọ̀, bí ẹni tí ó wà láàrin ọjà, nígbà náà ni yóò sì di àpò rẹ̀ mú. Public ni ó ń pe irú ibi bẹ́ẹ̀. Bí a bá sọ fún un pé ilé ni ó wà, èyíinì ni Private, tí a sì jẹ́ kí ó gbà láti pín fáìlì níbẹ̀, yóò tú àpò rẹ̀. Ohun tí ìka kan lè tún ṣe ni a gbé òòlù sí.

Ẹ̀yin akẹ́kọ̀ọ́, bí a bá farabalẹ̀ pa èèrà, a óò rí ìfun inú rẹ̀. Ìlẹ̀kùn tí ó wà láàrin kọ̀ǹpútà kan àti fáìlì tí ó wà lórí èkejì kò pọ̀ ju èyí tí ènìyàn lè kà lọ, ẹni tí ó bá sì yẹ̀ wọ́n wò lọ́kọ̀ọ̀kan yóò bá èyí tí ó há. Ohun àkọ́kọ́ ni kí a fetí sí ohun tí ẹ̀rọ náà ń sọ. Ẹni tí kò mọ ilé tí ó ń lọ yàtọ̀ sí ẹni tí ó dé ẹnu ọ̀nà tí a sì dá padà. Bí kọ̀ǹpútà bá sọ pé òun kò rí ọ̀nà, tí ó sì kọ nọ́ńbà 0x80070035, ọ̀rọ̀ ọ̀nà ni. Ẹ má fi ọwọ́ kan páásíwọọ̀dù ẹnikẹ́ni. Bí ó bá sọ pé a kò gba ẹni náà láyè, ó ti dé ilé; ẹ má tún lọ máa tú wáyà.

Bí ọ̀rọ̀ bá jẹ́ ti ọ̀nà, ẹ kọ́kọ́ béèrè bóyá onílé wà nílé. Ó lè jẹ́ pé kọ̀ǹpútà tí fódà wà lórí rẹ̀ ti sùn, nítorí pé a ṣe wọ́n kí wọ́n máa sùn fúnra wọn bí a kò bá lò wọ́n, kí wọ́n má baà jẹ iná mànàmáná lásán. Lẹ́yìn èyí, ẹ wò ó bóyá inú agboolé kan náà ni àwọn méjèèjì wà. Kọ̀ǹpútà kọ̀ọ̀kan ní nọ́ńbà tirẹ̀. Nínú ọ́fíìsì kékeré, bí ọ̀kan bá ń jẹ́ 192.168.1.20, tí èkejì ń jẹ́ 192.168.1.35, ọmọ ilé kan sáábà ni wọ́n. Ṣùgbọ́n bí èkejì bá ń jẹ́ 192.168.5.35, ó ṣeé ṣe kí ẹnì kan ti so ó mọ́ Wi-Fi tí a yà sọ́tọ̀ fún àlejò. Àṣẹ kan wà tí à ń pè ní ping, tí a fi ń kan ìlẹ̀kùn láti mọ̀ bóyá ẹnì kan yóò dáhùn, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé oníbodè tí ó bá le lè dákẹ́ sí i. Bí a bá sì fi nọ́ńbà pe kọ̀ǹpútà tí ó dáhùn, ṣùgbọ́n tí a fi orúkọ pè é tí kò dáhùn, a mọ̀ pé orúkọ ni ó ṣàìsàn, kì í ṣe ìlẹ̀kùn.

Ẹ̀yìn èyí ni ọ̀rọ̀ kan oníbodè. Ògiri ààbò ni oníbodè kọ̀ǹpútà, iṣẹ́ rẹ̀ sì ni láti mọ ẹni tí yóò gbà wọlé àti ẹni tí yóò dá padà. Ẹnu ọ̀nà tí nọ́ńbà rẹ̀ ń jẹ́ 445 ni ìpínfáìlì ń gbà kọjá nínú Windows òde òní. A lè sọ fún oníbodè pé kí ó jẹ́ kí àwọn ará ilé gba ẹnu ọ̀nà yìí nìkan. Ẹni tí ó bá tìtorí èyí lé oníbodè lọ ti ṣí gbogbo ẹnu ọ̀nà ìyókù pẹ̀lú.

Bí ó bá wá jẹ́ pé a dé ilé ṣùgbọ́n a kò gbà wá láyè, ìbéèrè méjì ni ó kù. Èkíní ni pé: ta ni ọ́? Orúkọ àti páásíwọọ̀dù tí kọ̀ǹpútà onílé mọ̀ ni a gbọ́dọ̀ mú wá. Ibí yìí ni ọ̀pọ̀ ènìyàn ti ń kọsẹ̀. Wọn a mú PIN tí wọ́n fi ń ṣí kọ̀ǹpútà tiwọn wá, bẹ́ẹ̀ ni PIN kò wúlò kọjá kọ̀ǹpútà tí a ti ṣe é. Tàbí kí wọ́n ti yí páásíwọọ̀dù padà ní àná, kí kọ̀ǹpútà wọn sì máa fi èyí tí ó ti gbó tí ó wà nípamọ́ kan ìlẹ̀kùn lónìí. Ẹ wá Credential Manager lórí Windows, ẹ pa ti àtijọ́ rẹ́, kí ẹ sì kọ tuntun.

Ìbéèrè kejì ni pé: kí ni o lẹ́tọ̀ọ́ sí? Àṣẹ méjì ni ó ń ṣọ́ fódà kan, ọ̀kan wà ní ẹnu ọ̀nà ìpínfáìlì, ọ̀kan wà lára fódà fúnra rẹ̀. Èyí tí ó bá le jù nínú méjèèjì ni ó ń borí. Bí ti ẹnu ọ̀nà bá sọ pé kí Àkànní kà á kí ó sì yí i padà, tí ti ara fódà sọ pé kí ó kà á nìkan, kíkà nìkan ni Àkànní yóò lè ṣe. Ẹni tí kò mọ èyí yóò máa tú àṣẹ kìíní sílẹ̀ títí yóò fi dé orí Everyone, ohun tí ó ń wá kò sì ní ṣí, nítorí pé ibòmíràn ni ó wà.

Ìlẹ̀kùn kan ṣì kù tí ó jẹ́ ti èdè. Èdè tí àwọn kọ̀ǹpútà fi ń bá ara wọn sọ̀rọ̀ fáìlì ni SMB, tí a kọ́kọ́ dá sílẹ̀ ní ilé-iṣẹ́ IBM ní nǹkan bí ọdún 1983. Ẹ̀dà rẹ̀ àkọ́kọ́ ti di arúgbó, ó sì ní ihò lára. Bí ògiri kò bá sì lanu, aláǹgbá kò lè wọ ibẹ̀. Ní ọjọ́ 14 oṣù Máàṣì, ọdún 1917 kọ́, ọdún 2017 ni, Microsoft gbé àtúnṣe jáde láti dí ihò kan nínú SMB ti àtijọ́. Ọ̀pọ̀ ènìyàn kò fi í sí kọ̀ǹpútà wọn. Ní ọjọ́ Ẹtì, ọjọ́ 12 oṣù Méè ọdún náà, kòkòrò kan tí a ń pè ní WannaCry gba ẹnu ọ̀nà 445 wọlé. Kò dúró kí ẹnikẹ́ni tẹ ohunkóhun kí ó tó máa ti orí kọ̀ǹpútà kan bọ́ sí òmíràn, ó ń ti fáìlì wọn pa, ó sì ń béèrè owó ìdásílẹ̀. Kọ̀ǹpútà tí ó bà jẹ́ lé ní 200,000 ní nǹkan bí orílẹ̀-èdè 150. Ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ó kéré tán, 80 nínú ẹgbẹ́ ilé ìwòsàn ìjọba 236 ni ọ̀rọ̀ náà dà láàmú, a sì ṣírò rẹ̀ pé ìpàdé aláìsàn pẹ̀lú dókítà tí ó lé ní 19,000 ni a fagi lé. Ẹ ò rí i pé ẹnu ọ̀nà tí akọ̀wé ń gbà mú ìwé náà ni olè mọ̀.

Nítorí irú nǹkan báyìí ni Windows fi ń le sí i. Láti apá ìparí ọdún 2017, Windows 10 tuntun kì í gbé SMB àkọ́kọ́ náà wá mọ́ bí a kò bá bẹ̀ ẹ́. Láti ọdún 2024, ẹ̀dà Windows 11 tí a ń pè ní 24H2 ń béèrè pé kí àwọn kọ̀ǹpútà fi ọwọ́ sí ọ̀rọ̀ tí wọ́n ń bá ara wọn sọ, Windows 11 Pro kò sì gba àlejò tí kò ní páásíwọọ̀dù láyè mọ́ bí a kò bá yí ètò rẹ̀ padà. Ìdí nìyí tí fódà tí ó ṣí ní àná fi lè há lónìí lẹ́yìn àtúnṣe. Ẹni tí kò mòye yóò jí arúgbó dìde. Ọlọ́gbọ́n yóò fún olúkúlùkù ní orúkọ àti páásíwọọ̀dù tirẹ̀.

Mo mọ̀ pé àwọn kan yóò ta kò mí. Wọn yóò ní iṣẹ́ ń kánjú, oníbàárà kì í dúró de ẹni tí ń ka ìlẹ̀kùn. Òótọ́ ni, ṣùgbọ́n èwo ni ó pẹ́ jù, wákàtí kan tí a fi wá ìdí ọ̀ràn, tàbí oṣù méjì tí a fi ṣa rìsíìtì jọ? Àwọn mìíràn yóò ní ọ́fíìsì àwọn kéré, pé bí ọmọ ìyá ni àwọn jẹ́ sí ara wọn, pé ìwà àìfọkàntánni ni kí a máa ti fódà mọ́ ara ẹni. Ọ̀rọ̀ yìí ni ó dùn létí jù, òun náà ni ó sì léwu jù. Ọmọ ìyá a máa ṣèèṣì. Ọmọ ìyá a máa fura sí ọmọ ìyá rẹ̀. Páásíwọọ̀dù kì í ṣe èébú fún òṣìṣẹ́. Ẹlẹ́rìí ni fún aláìṣẹ̀. Bí ó bá jẹ́ pé orúkọ olúkúlùkù wa ni a fi ń wọlé, tí a sì jẹ́ kí kọ̀ǹpútà máa kọ ohun tí ẹni kọ̀ọ̀kan ṣe sílẹ̀, ọmọkùnrin tí mo sọ ìtàn rẹ̀ ìbá ti ní ohun tí yóò fi gba ara rẹ̀ sílẹ̀.

Bí ìdààmú bá pọ̀ tí a fi ní láti pa oníbodè fún ìṣẹ́jú méjì láti dán nǹkan wò, kò burú, bí a bá jí i padà kí a tó kúrò nídìí rẹ̀. Ohun tí ó burú ni kí a fi ìdánwò ṣe àtúnṣe. Ẹ kọ gbogbo ohun tí ẹ bá yí padà sínú ìwé, kí ẹni tí ó bá dé lẹ́yìn yín lè mọ ọ̀nà tí ẹ gbà. Ẹ sì máa tọ́jú ẹ̀dà fáìlì tí ó ṣe pàtàkì sí ibòmíràn, nítorí pé àṣẹ tí ó dára jù lọ kò lè dí ẹni tí ó lẹ́tọ̀ọ́ lọ́wọ́ láti ṣèèṣì.

Láìpẹ́, ẹ̀yin ọmọ tí ń ka ìwé yìí ni a óò máa ránṣẹ́ pè sí ọ́fíìsì tí fódà há. A óò yí yín ká, a óò máa kán yín lójú, ìyìn ẹni tí ó yára yóò sì máa wù yín. Ẹ rántí nígbà náà pé ohun tí a bá fi ẹ̀sọ̀ mú kì í bàjẹ́. Ẹ béèrè ohun tí ó yí padà láti àná. Ẹ ka àwọn ìlẹ̀kùn lọ́kọ̀ọ̀kan, kí ẹ ṣí èyí tí ó há fún ẹni tí ó lẹ́tọ̀ọ́ sí i, kí ẹ sì fi àwọn ìyókù sílẹ̀ bí ẹ ti bá wọn. Ó lè jẹ́ pé a kò ní pàtẹ́wọ́ fún yín, nítorí pé iṣẹ́ tí a ṣe dáadáa kì í pariwo. Ṣùgbọ́n kò ní sí ọmọ ọlọ́mọ kan tí yóò ti ipasẹ̀ yín sunkún jáde kúrò lẹ́nu iṣẹ́ rẹ̀.